Ọwọ́ Tó Yẹ Kó Kan Ilẹ̀

Ara ti ń fu Bualai láti ọjọ́ tí Bunthan ọmọ rẹ̀, tó ń tọ́jú tẹ́ḿpìlì abúlé wọn, ti gbé ère Búdà onídẹ náà dé láti ìlú Luang Prabang, ní Laos. Ó ní àwọn tó ń dán idẹ ló bá òun nù ún de ọdún tuntun. Nínù wo nìyẹn? Ohun àtayébáyé wá ń dán yinrin bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà!

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ère lásán. Lọ́jọ́ tí wọ́n dà á, ìyá tó bí ìyá ìyá Bualai bọ́ yẹtí wúrà kan ṣoṣo tó ní, ó jù ú sínú idẹ gbígbóná. Gbogbo abúlé ló ju nǹkan sí i. Bí ère yẹn bá lọ, ẹ̀bẹ̀ wọn bá a lọ nìyẹn.

“Màmá, ojú yín ló ń ṣú,” ni Bunthan wí. “Ṣé òun kọ́ ló jókòó yẹn? Ẹ wo etí rẹ̀ gígùn.”

“Ojú ló ń ṣú, kì í ṣe ọpọlọ.”

Ọjọ́ ọdún pé, wọ́n gbé ère sílẹ̀ fún wíwẹ̀. Bualai kúnlẹ̀, ó rọra da omi olóòórùn dídùn lé e léjìká ọ̀tún. Ó ti ń ṣe é láti ọgọ́ta ọdún, ó mọ ibi tí omi ń gbà. Á ṣàn gba apá wálẹ̀, á dé orí ìka, á yà sọ́tùn-ún sósì, torí ìka Búdà lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pinpin. Ilẹ̀ ló fọwọ́ kàn pé kó jẹ́rìí òun, lọ́jọ́ tí Ẹlẹ́tàn, ẹ̀mí burúkú tó ń dán an wò, pè é ní òpùrọ́.

Omi dé orí ìka, ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ṣòròròrò, awẹ́ òdòdó kan sì bá a lọ.

Ìka náà kò kan ilẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Fọ́tò lẹni tó ṣe ayédèrú yìí wò. Kò kúnlẹ̀ níwájú ojúlówó rí.

“Bunthan! Wá ńbí.”

“Màmá, èrò ń wò wá.”

“Kí wọ́n máa wò! Kúnlẹ̀. Fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, kó o sọ pé ère àwọn baba wa nìyí.”

Bunthan kúnlẹ̀. Ó wúkọ́, ó na ọwọ́.

“Fi kàn án, ọmọ mi,” ni ìyá ń bẹ̀ ẹ́. Ká ní òun ló purọ́ mọ́ ọmọ, kójú ti òun lójú gbogbo ayé, inú òun ì bá dùn.

Ọwọ́ Bunthan dúró lókè ilẹ̀ bíi ti ère náà. Kò sọ̀ kalẹ̀.