Ààyè Tí Oòrùn Ń Gbà Kọjá

Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà, wọ́n ní owú ló jẹ ẹ́ tán. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé láti àárọ̀ àná ni Oníná ti ń rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá rí i kò ní gbà, nítorí obìnrin tó sanra dáadáa ni.

Ayàwòrán ni Oníná. Ogún ọdún ló ti ń ya fótò nínú yàrá kan tí aṣọ funfun bo ògiri rẹ̀, tí iná ńláńlá mẹ́rin sì dúró lórí irin nínú rẹ̀. Bí o bá jókòó síwájú àwọn iná náà, kò sí ohun tí yóò pamọ́. Rorẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrò àtijáde gan-an, fótò Oníná á ti rí i. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, tí gbogbo ilé ń pè ní Kékeré, kò ní yàrá, kò sì ní iná. Kò tíì ju ọdún kan lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni fìtílà tirẹ̀. Yóò mú èèyàn lọ sórí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, yóò fi oòrùn sẹ́yìn onítọ̀hún, yóò wá lúgọ sílẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyẹ. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló ń fi kámẹ́rà wọ̀n, kì í wọn ti ojú èèyàn. Bí fótò bá jáde, ọ̀run á pọ́n bí epo, èèyàn á dúdú bí ìdí ìkòkò. O ò ní rí ojú, o ò ní rí eyín, àmọ́ imú, àgbọ̀n àti ọrùn á yọ gedegbe.

"Ẹni tó ya fótò tí kò lójú," ni Oníná máa ń wí, "ẹ bá mi bi í bóyá ọlọ́pàá ló ń wá a."

Àfi bó ṣe dé pálọ̀ Kékeré láàárọ̀ àná tó rí fótò kan lára ògiri. Obìnrin kan jókòó sórí àpótí, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí kámẹ́rà, ó ń feyín gé òwú. Okùn òwú náà ń dán bí iná láàárín ìka rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Àwọn àlejò tó wà ńbẹ̀ ń bi ara wọn pé ta ni. Oníná wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀ ọ́n. Màmá wọn ni.

Ogún ọdún ni Oníná fi bẹ Màmá kí wọ́n wá jókòó síwájú iná òun. Lónìí, orí ń fọ́ wọn. Lọ́la, aṣọ wọn ò tíì gbẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba ilé Màmá lọ. Ó bá wọn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí ló dé tí ojú rẹ ṣú bí òjò?"

"Mo rí fótò yín nílé Kékeré."

Màmá rẹ́rìn-ín. "O dá mi mọ̀?"

"Ẹ̀yin tí mo ti ń wò bí ẹ ṣe ń feyín gé òwú kí n tó mọ̀ ọ́n rìn? Màmá, kí ni mo ṣe yín? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá, ẹ jókòó fún un. Èmi àkọ́bí yín, ẹ ò ṣe é fún mi rí."

Màmá yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí i. Kí wọ́n tó bí Oníná ni ẹ̀ṣẹ́ná ti ta láti inú áyọ́ọ̀nù eléèédú bà wọ́n lójú. Ẹyinjú náà funfun, awọ abẹ́ rẹ̀ sì sún kì.

"Èwo nínú iná rẹ mẹ́rin ni kò ní rí èyí?" ni Màmá béèrè. "Iná rẹ ni mo ń sá fún, kì í ṣe ìwọ. Kékeré gbé mi síwájú oòrùn, mo wá rí bí ojú mi ì bá ṣe rí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Oníná lára. Ṣùgbọ́n owú kì í gbọ́ àlàyé kó kó ẹrù rẹ̀ lọ, ṣe ló máa ń sún láti orí àga kan bọ́ sórí òmíràn. Ohun tó ń ta á báyìí ni pé Kékeré mọ̀ láìsí ẹni tó sọ fún un.

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà yà yín lójú oòrùn. Kì í ṣe lọ́la tiyín yẹn o. Lónìí."

"Kò burú. Ṣùgbọ́n èmi àti àbúrò rẹ ni o máa yà pọ̀."

Oníná gbé e mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

Nírọ̀lẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí òkè. Màmá fi ọwọ́ kan ti ọ̀pá wọn, Kékeré fara tì wọ́n.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí oòrùn rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i," ni Kékeré wí.

"Ta lò ń kọ́?"

Àmọ́ ó dúró. Nígbà tó yọjú wo inú kámẹ́rà, àwọn méjèèjì ti di ẹyọ kan, bí àpò tí wọ́n dì. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí: bí ara bá kan ara, òkùnkùn á pa wọ́n pọ̀.

"Ẹ fi ààyè sílẹ̀, kí oòrùn lè gba àárín yín kọjá." Wọ́n sún. "Díẹ̀ sí i." Wọ́n tún sún. "Kékeré, sún sẹ́yìn, mo ní!"

"Àǹtí mi, ṣé oòrùn ló fẹ́ kọjá ni, àbí màlúù?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí rẹ fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kọjá. Ìwọ Oníná, máa bọ̀ níbí."

"Ta ló máa tẹ kámẹ́rà?"

"Gbogbo bó ṣe tóbi tó yẹn, kò lè dá tẹ ara rẹ̀?"

Oníná ní kí kámẹ́rà ka mẹ́wàá kó tó tẹ ara rẹ̀. Ó sáré, ó fẹsẹ̀ kọ òkúta, ó já sí àárín wọn gbì, Kékeré sì dì mọ́ àwọn méjèèjì kí wọ́n má baà ṣubú. Kámẹ́rà ní ṣáà.

Fótò náà bàjẹ́. Kò sí ààyè kankan níbẹ̀. Kùkùté dúdú olórí mẹ́ta kan ló dúró síwájú oòrùn. Ká ní ti oníbàárà ni, Oníná ò ní gbé e jáde. Ṣùgbọ́n Màmá ní àwọn ò fẹ́ òmíràn, wọ́n sì gbé e kọ́ sókè ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

Àwọn àlejò máa ń béèrè ibi tí ọwọ́ Màmá kan wà, nítorí ọ̀kan ṣoṣo ló hàn lórí ọ̀pá. Kò hàn nínú fótò. Kékeré á ní èjìká òun ló wà. Oníná kì í bá a jiyàn. Á kàn fọwọ́ pa èjìká òsì rẹ̀ lára, níbi tí ìka Màmá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, á sì dákẹ́ bí ẹni tó ní àdídùn lẹ́nu tí kò fẹ́ kí àbúrò òun rí i.