Ọjọ́ Tó Wà Lábẹ́ Bébà

Ọmọ mi Zaynab ló sọ fún mi pé wàrà inú agolo ní ọjọ́ tó ń kú. Mo ní, "Agolo tí kò mí, báwo ni yóò ṣe kú?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, wọ́n kọ ọjọ́ náà sí ìdí rẹ̀. Ẹ máa yí i wò kí ẹ tó rà á." Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ra wàrà ní Niamey ilẹ̀ Niger yìí, n kò yí ìdí agolo kankan wò rí. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí. Ohun tí mi ò bá mọ̀ kì í jẹ́ kí n sùn. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, a máa sọ pé bí wọ́n bá bo ìkòkò láàárín ogún obìnrin, èmi ni n óò kọ́kọ́ ṣí i. Èmi náà á ní abéèrè kì í ṣìnà. Aṣọ ni mo ń tà ní Grand Marché, àǹkárá ni pàápàá. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ wá tà fún mi, n óò fi èékánná ha etí rẹ̀, n óò gbóòórùn rẹ̀, n óò fi itọ́ pa á lára, kí n tó fetí sí ohun tó ń wí. Aṣọ fúnra rẹ̀ kì í purọ́. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ló ń purọ́.

Zaynab ka ìwé Faransé débi tó lápẹẹrẹ, ó gba báàkì, ìwé ẹ̀rí ìparí girama, ó sì jókòó sílé fún ọdún méjì gbáko. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014 ni súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Yantala gbà á síṣẹ́, ó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ẹ ò bá rí ìyànga tí mo ń ṣe lọ́jà. Kò sí ẹni tó dúró níwájú ìsọ̀ mi tí kò gbọ́ pé ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ọjà aṣọ ti tutù nígbà náà, iṣẹ́ ọmọ yìí ló ń gbé ìkòkò wa kaná. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, a ti wọ gàù.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wọ takisí láti Kirkissoye níbi tí à ń gbé, a gun afárá Kennedy, mo sì lọ ra wàrà tí a ó máa fi mu kókó ìṣínu. Ẹsẹ̀ mi kò tẹ inú súpámákẹ́ẹ̀tì náà rí. Zaynab wà nídìí ẹ̀rọ ìgbowó, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, mo ní kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, mo fẹ́ wòran.

Ìran sì pọ̀ níbẹ̀. Mo rí obìnrin kan tó dorí agolo tòmátì kodò, tó ń wo ìdí rẹ̀ bí ìyá tó ń wo ìdí ọmọ jòjòló. Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Mo yí òróró wò, mo yí sàdíìnì, mo yí bísíkíìtì. N kò gbọ́ Faransé tó wà lára wọn, ṣùgbọ́n nọ́mbà kì í ṣe Faransé. Èyí á kú lọ́dún tó ń bọ̀, èyí á kú lọ́dún mẹ́ta sí i. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé wàrà.

Nígbà tí mo dé ìdí wàrà, ohun kan fa ojú mi mọ́ra. Etí agolo ti ń dógùn-ún, àwòrán màlúù ara rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n bébà kékeré tí wọ́n kọ 11/2014 sí ń dán gbinrin. Agolo arúgbó, bébà ọmọ tuntun. Mo ní kí n fi èékánná hú u, kò mú. Mo gbìyànjú igun kejì, kò mú. Mo gbé agolo súnmọ́ ojú, mo rí i pé wọ́n ti gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bébà náà róbótó.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Bí ọjà bá dákú, mo máa ń ra àǹkárá Ṣáínà, mo ń lẹ bébà Họ́láńdì mọ́ ọn. Bébà tó ní igun ni èékánná oníbàárà máa ń rí mú, nítorí náà ni mo ṣe ń fi àlùmọ́gàjí gé igun rẹ̀ kí n tó lẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo dá ọgbọ́n yẹn, n kò rí aláṣọ mìíràn tó ń dá a. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo kọ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ sì ni nígbà náà.

Mo fi itọ́ pa bébà náà, mo rọra fi àtàǹpàkò yí i títí ó fi ká. Abẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ gidi wà: 02/2014. Oṣù kẹfà la sì wà. Mo lè dá a padà kí n máa lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Zaynab.

Kò sí oníbàárà níwájú Zaynab. Mo gbé agolo kalẹ̀. "Ta ló lẹ èyí?"

Ó wo agolo, ó wo ẹ̀yìn. "Màmá, ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Pàtírọ́ọ̀nù wà ní bíróò." Ọ̀gá rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀.

"Mo ní ta ló lẹ̀ ẹ́?"

"Òun ló kọ nọ́mbà. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Ó ní bí mi ò bá lè ṣe é, àwọn tó ń wá iṣẹ́ pọ̀ níta."

"Ohun tí èèyàn ń mu, Zaynab?"

"Họ́láńdì tiyín ńkọ́, Màmá?"

"Aṣọ kì í wọ inú ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá ra ọjà kó lajú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń sọ fún ara mi bí mo ṣe ń lẹ̀ ẹ́."

Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èmi kọ́ tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló sì wà lórí tábìlì yẹn. Ojú tì mí. Inú sì bí mi, n kò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí.

A ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ìyàwó Zarma kan, ọmọ onílùú, fi dé, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó gbé agolo wàrà kan náà méjì síwájú Zaynab. "Fofo," ni ó fi kí wa. Zaynab kò fọwọ́ kan agolo náà. Ó wò mí. N kò ní purọ́ fún yín: apá kan nínú mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tà á, kí obìnrin náà máa lọ, kí a má pàdánù iṣẹ́ yìí. N kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ mí jù.

Ó gbé agolo kìíní, ó fi ìka yí bébà kúrò lára rẹ̀. Ó ṣe èkejì bẹ́ẹ̀. Ó wá yí ìdí wọn sí obìnrin náà.

"Ifo no?" Obìnrin náà ń béèrè pé kí ni èyí.

Zaynab fi Zarma dá a lóhùn pé wàrà náà ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, kó má fún ọmọ mu ún, pé òun gan-an ló lẹ bébà mọ́ ọn. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nítòsí gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha àwọn agolo tọwọ́ wọn. Mùsíò Boubacar, ọ̀gá ibẹ̀, jáde láti bíróò. Kò pariwo. Ó kàn nàka sí aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ọmọ mi. Zaynab bọ́ ọ, ó ká a dáadáa, ó fi lé orí ẹ̀rọ.

A dúró sí etí títì nínú oòrùn, à ń retí takisí. Mo ń ronú ohun tí a ó fi ṣínu. Mo ní, "Lọ́la, wàá bá mi lọ sí ìsọ̀."

"Ó dáa, Màmá. Bí oníbàárà bá bi mí bóyá Họ́láńdì ni, kí ni kí n sọ fún un?"

Takisí dúró. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé, kí n má bàa wo ojú rẹ̀.