Tòmátì Tó Dúdú Lábẹ́ Iná

Mo fi aṣọ bo gbogbo fèrèsé kíláàsì, mo sì tan gílóòbù aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo tí mo ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan wá kiri. Lẹ́yìn náà ni mo gbé abọ́ tòmátì síwájú àwọn ọmọ.

"Ó yá, ẹ máa jẹ ẹ́."

Ni ariwo bá sọ. "Tísà, wọ́n ti bàjẹ́! Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe dúdú!"

Bàjẹ́ kẹ̀? Tòmátì tí mo fọwọ́ ara mi ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀!

Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, mú ọ̀kan. Ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn ẹ̀, ó sì gé e jẹ. Omi ẹ̀ ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀.

Mo ká aṣọ kúrò. Tòmátì pupa fòò lójú gbogbo wọn.

"Iná yẹn ò ní pupa nínú," mo ṣàlàyé. "Ìdí nìyẹn tí ohun pupa fi dúdú lábẹ́ ẹ̀. Jẹ́jẹ́, báwo lo ṣe mọ̀?"

"Màámi ló kọ́ mi. Wọn ò ríran, ṣùgbọ́n àwọn ló máa ń ra tòmátì wa."

Ó fi bébà ìwé ẹ̀ wé ìdajì tó kù.

"Màá mú un lọ fún wọn. Màá sọ fún wọn pé ká ní wọ́n wà ní kíláàsì wa lónìí ni, àwọn nìkan ni ì bá ríran."