Àga Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ

Gbogbo ìlú ló mọ àga tí gbẹ́nàgbẹ́nà kan ń ṣe. Ọ̀kan káwọ́ gbera, ọ̀kan yọ ahọ́n síta, àpótí aṣọ kan sì tẹ́tí bẹ̀lẹ̀jẹ́ bí olófòófó. Ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Gbẹ́nàgbẹ́nà fúnra rẹ̀ kì í bá wọn rín in.

Àkọ́kọ́ wọn wà ní kọ̀rọ̀, kò tà á: àga lásán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́ ti pẹ́pẹ́yẹ.

Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, òun ló ṣèèṣì gé ẹsẹ̀ àga náà kan kúrú. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Aláwàdà, rí i pé àyà rẹ̀ ń já. Ó gbẹ́ ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ó kàn án mọ́ ibi tó kúrú. Àga dúró ṣinṣin.

Ọ̀gá ní, "Ta ló ń fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́?"

Aláwàdà ní òun ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà panu mọ́. Ọ̀gá lé Aláwàdà; lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ló yọ àga náà kúrò láàárín igi ìdáná tí ọ̀gá jù ú sí. Nígbà tó gbòmìnira, ó gbé e síwájú, ó gbẹ́ irú ẹsẹ̀ náà, ó gbẹ́ etí, ó gbẹ́ ahọ́n. Wọ́n ní ẹ̀bùn ni. Ó mọ ẹni tó ni ẹ̀bùn.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú aṣọ ọlọ́dẹ, orí rẹ̀ ti funfun.

"Aláwàdà, o ò tíì kú?"

"Ikú dé ẹnu géètì tí mò ń ṣọ́. Mo ní kó kọ orúkọ sílẹ̀, ló bá bínú lọ."

Ó ń rẹ́rìn-ín láti ara àga kan dé òmíràn, títí ó fi dé kọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ̀rín tán.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ní, "Ó yẹ kí n sọ fún ọ̀gá pé èmi ni mo gé e."

"Ojú ẹ ni mò ń wò lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, á sọ̀rọ̀ báyìí, á sọ̀rọ̀ báyìí."

"Wá ká jọ máa ṣiṣẹ́."

Aláwàdà gbé ìfági, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀. "Ọwọ́ mi ti gbàgbé igi, ọ̀rẹ́ mi."

"Gbé àga náà lọ, ó kéré tán. Tìẹ ni."

"Kí n fi ṣe kí ni? Wọn kì í jẹ́ ká jókòó nídìí géètì."

Ó dágbére, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá yin gbẹ́nàgbẹ́nà, á ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀." Wọ́n á ní ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ bàbá yìí. Wọ́n á tún yìn ín sí i.