Ìwé Tí Adájọ́ Ẹ́ńjìnnì Kọ

Ẹ́ńjìnnì náà wà lórí tábìlì, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, irin tó ń ti písítìn rẹ̀ lọ sókè sódò sì ti ṣẹ́ sí méjì. Mẹkáníìkì tó tú u dúró tì í, ọwọ́ rẹ̀ kún fún gíríìsì, kò lè wo irin náà lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì bi í ní nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ ohun tóun ṣe, kò dìgbà tí wọ́n bá pè é lẹ́jọ́ kó tó máa làágùn.

Adájọ́ Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà, nítorí kí ẹ́ńjìnnì ṣáà ti hó lẹ́ẹ̀mejì, á ti dá ẹjọ́ rẹ̀: púlọ́ọ̀gì ló dọ̀tí, fílítà ló dí. Kì í sì í tàsé. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ni awakọ̀ ilé ìwòsàn. Àwọn ló ń fi alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára gba inú odò lọ sí òdìkejì, níbi tí mọ́tò ò lè dé. Ọdún mọ́kànlá rèé, kúlà ò já sómi rí.

Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gun ún nínú omi. Ó gé ọ̀pá kan, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí i níbi tó ṣe déédéé ibi tí ẹni tó ń gùn ún ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, á ká ṣòkòtò, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin odò já, á máa fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Bí omi bá bo àmì pupa, kó padà sílé. Bí kò bá bò ó, kó wọ̀ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó má fún un níná jù, kó má sì dáwọ́ iná dúró títí yóò fi jáde. Òfin tó ga jù ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sítátà. Kí wọ́n tì í jáde, kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n da omi inú rẹ̀ nù, kí wọ́n wo ọ́ìlì.

"Atẹ́gùn ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ, kì í jẹ omi," ló máa ń wí. "Bẹ́ ẹ bá fipá mú un, egungun ẹ̀ á ṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ò kọjá òfin yìí rí. Bí wọ́n tilẹ̀ gba odò náà lánàá, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀ lónìí. Àwọn nọ́ọ̀sì á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ọkọ̀ ni wọ́n ń gùn ni àbí ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Omi àná kọ́ lomi òní."

Ta ló wá rú òfin? Adájọ́ tó ṣe é ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó ní òun fẹ́ dán búréèkì alùpùpù náà wò. Irọ́ ni, nǹkan kan ò ṣe búréèkì. Àwọn tó ń fọ mọ́tò létí odò ló ti ń sọ pé nǹkan ọ̀hún ò lè sáré, pé ẹrù abẹ́rẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n rù. Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú. Bàtà tuntun ló sì wọ̀, kò fẹ́ kó tutù. Ọ̀pá wà lẹ́yìn ọkọ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó sáré wọ odò bí ẹni tí wọ́n ń lé. Omi fò sókè, àwọn afọmọ́tò pàtẹ́wọ́, ẹ́ńjìnnì hó lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú lè mú àgbà ṣe ohun tí ọmọdé ò jẹ́ dán wò. Ó tẹ sítátà. Ó gbọ́ "kọ̀" kan nínú irin, ohùn kékeré báyìí.

Ìgbà tó tì í jáde, ọ́ìlì inú rẹ̀ ti funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ó da omi nù, ó pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì jí, àmọ́ ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ó yẹ kó tú u nígbà náà. Ṣùgbọ́n bó bá tú u, wọ́n á bi í léèrè. Ó nù ún gbẹ, ó gbé e síbi tí wọ́n ń gbé e sí, ó gba ilé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n di kúlà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. "Adájọ́, ó dà bíi pé nǹkan kan ń dún kọ̀, kọ̀ nínú ẹ̀ o."

"Tó bá gbóná, á dákẹ́," ló dáhùn, láì gbójú sókè.

Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ni wọn ì bá tún gbà gbọ́?

Láàárín odò gan-an ni irin náà ṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì gan paali, kúlà já, ìdérí rẹ̀ ṣí, omi sì gbé abẹ́rẹ́ lọ. Ìyá mọ́kàndínlógójì ló ti pọnmọ wá dúró lódìkejì láti àárọ̀. Gbogbo wọn padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Nọ́ọ̀sì àgbà ò pariwo. Wọ́n na ìwé kan sí Adájọ́. "Tú ẹ́ńjìnnì yẹn, kó o kọ ohun tó pa á síbí. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ẹ wọ omi tó jìn jù, mi ò ní lè gbé kúlà lé wọn lọ́wọ́ mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ẹ ni, àmọ́ ìwọ nìkan lo gbọ́ èdè ẹ́ńjìnnì níbí. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé."

Ìwé náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì báyìí, pẹ̀lú bírò. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ti tó: "Omi jìn jù." Kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Ó gbé bírò, ó tún gbé e kalẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Tiẹ̀ ò tilẹ̀ wá ẹlòmíràn kiri, orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lọ tààrà.

Ẹ̀gbọ́n yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣòkòtò wọn ṣì ká dé orúnkún, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jókòó sórí táyà.

"Mo ti ń rò ó láti àárọ̀. Mo wọn odò yẹn. Omi ò dé àmì. Bóyá ojú mi ni ò ríran dáadáa mọ́. Bóyá kòtò kan wà tí mi ò fẹsẹ̀ kàn."

Ẹ̀gbọ́n bẹjú wo ìwé tó wà lórí tábìlì.

"O ò tíì kọ nǹkan kan. Mo mọ ohun tó ń dà ẹ́ láàmú."

Adájọ́ gbójú sókè.

"Tìtorí mi ni. O ò fẹ́ fọwọ́ ara ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi, má torí mi parọ́. Ọmọ mọ́kàndínlógójì ò rí abẹ́rẹ́ gbà lónìí. Ohun tó o bá rí nínú irin yẹn ni kó o kọ. O ò dájọ́ èké rí."

Ó kúnlẹ̀ sáàárín ọ́ìlì tó dà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni." Ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀: ọjọ́ Ẹtì, bàtà, àwọn afọmọ́tò, sítátà. "Nígbà tẹ́ ẹ ní nǹkan kan ń dún kọ̀, kọ̀ nínú ẹ̀, mo mọ ohun tó jẹ́. Mo sì jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e lọ."

Adájọ́ ń retí ìgbájú. Ìgbájú ì bá tù ú lára.

"Omi yẹn bò ẹ́ mọ́lẹ̀ bí?"

"Rárá, sà."

"O ò fara pa?"

"Rárá."

"Ìwọ tó ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Láti kékeré lo ò ti mọ̀ ọ́n wẹ̀, o sì wọ odò láì wọ̀n ọ́n." Wọ́n dìde, wọ́n jáde. Nígbà náà ni Adájọ́ sunkún, ó sì fi ọwọ́ gíríìsì gbé bírò. Ohun tó kọ náà ò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Èmi ni."

Nọ́ọ̀sì àgbà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní títí ẹ́ńjìnnì mìíràn yóò fi dé, Adájọ́ ni yóò máa ru kúlà fẹsẹ̀ rìn kọjá, kí Ẹ̀gbọ́n máa tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́ létí odò, wọn ò pè é ní Adájọ́. Ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, ẹ̀rù ń bà á, kó tó gbé kúlà rù. Lódìkejì, ìyá kan tó pọnmọ sún mọ́ ọn. "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà wá. Bàbá awakọ̀ yìí ti da tàná sómi."

Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀.

"Àwọn kọ́, mà," ni mẹkáníìkì wí. "Èmi ni mo ba ọkọ̀ jẹ́ tí mo dákẹ́."

Obìnrin náà wo kúlà tó wà lórí rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, ó fọwọ́ gbá ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mú.

"Ẹ jẹ́ kó gbé e wọlé," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Tòní, ó wọn omi kó tó wọ̀ ọ́."