Ẹni Tó Ń Jẹ́ Lẹ́yìn Mi Lórí Òkè Adóyin

Láti ìgbà tí Ràṣídátù ìyálé mi ti kú ni mo ti ń wá ẹni tí yóò máa jẹ́ ìpè lẹ́yìn mi lórí Òkè Adóyin. Mo lọ́mọ, mo lọ́mọ-ọmọ, ilé tí mò ń gbé ní Bódìjà kò sì ṣófo, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó lẹ́nu ló lè jẹ́ ẹ. Ọkùnrin kì í jẹ́ ẹ. Ọmọ ilé kì í jẹ́ ẹ. Ìyàwó ilé nìkan ni.

Kí n là á yé yín. Òkè yìí wà lẹ́yìn Ẹlẹ́yẹlé lọ́hùn-ún, omi ńlá ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lọ. Orí rẹ̀ ni ìlú àwọn bàbá ọkọ mi wà láyé ogun. Wọ́n mọ odi yí ìlú náà ká, wọ́n gbẹ́ yàrà sí ìdí odi. Ìlú ti tú tipẹ́, igi àti koríko ló kù níbẹ̀, ṣùgbọ́n odi ṣì wà. Níbòmíràn ó ga jù mí lọ, níbòmíràn ó ti wó dé orúnkún. Wọ́n ní nígbà táwọn ọkùnrin lọ sógun tí wọn ò tètè dé, àwọn ìyàwó wọn a máa rìn yí odi ká, wọn a máa pe ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá ń ti inú igbó bọ̀ lè mọ̀ pé àwọn èèyàn òun ò tíì sá lọ. Èyí tó wà níwájú a pe orúkọ ilé, èyí tó wà lẹ́yìn a jẹ́ ẹ pé, "Wọ́n wà ńlé." Ẹni tó ń pè kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn títí yóò fi yí i po dé ẹnu bodè. Bó bá bojú wẹ̀yìn, lẹ́yìn ọjọ́ náà kò tún ní pè mọ́ láyé rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ipò kàn.

Lọ́dọọdún, tí àsìkò òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, Ràṣídátù a pè, èmi a jẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo mọ̀ jù lára rẹ̀: bó ṣe ń so gèlè mọ́ ìpàkọ́, bó ṣe ń dúró tún ìró ró níbi gbogbo tí odi bá ti ya. Tí ohùn mi bá rẹlẹ̀, á sọ̀rọ̀ síwájú láì yíjú pé, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ebi ń pa ẹ́ ni? Jẹ́ ẹ kí òkú gbọ́!" Ọdún kan wà tá a jà nítorí ẹran Iléyá, a ò kí ara wa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Síbẹ̀ a lọ. Ó pè, mo jẹ́. Lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ tó jáde láàárín àwa méjèèjì kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tó kú, mo kọ́kọ́ lọ bá Zùwáírátù, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ní Olúyọ̀lé. Ó ní, "Ìyá, àfáà wa ní kò sí nínú Kùránì."

Mo ní, "Atarodo náà kò sí níbẹ̀, o sì ń jẹ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé mi.

Ló bá ku Moróunkẹ́, ìyàwó Abdulmojeed ọmọ mi. Abdulmojeed wà ní Kánádà. Moróunkẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Dùgbẹ̀, òun àtèmi la jọ ń gbé. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí á ti jáde. Tó bá dé, fóònù ni. Ọmọ dáadáa ni o, kò jẹ́ kí n wá nǹkankan tì. Ìtàkúrọ̀sọ ni kò sí.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi lọ ní Sátidé.

"Orí òkè, Màmá? Orúnkún yín ńkọ́?"

"Orúnkún mi mọ ọ̀nà jù ẹ́ lọ."

"Kí ni màá máa sọ níbẹ̀?"

"Wọ́n wà ńlé."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ náà?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀."

"Àwọn wo ló wà ńlé, Màmá?"

Mo ní, "Ìwọ ṣáà máa sọ ọ́, ìyàwó mi."

Ní Sátidé náà ó wa mọ́tò, ó páàkì rẹ̀ sétí omi. A gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí a fi dé ẹnu bodè, níbi tí òkúta ńlá méjì ti kọjú síra wọn. Mo sọ fún un pé, "Tí mo bá ti kọjú síwájú, mi ò ní wẹ̀yìn mọ́. Ohùn rẹ ni màá fi mọ̀ pé o wà." Ó ní òun gbọ́. Mi ò sọ ti pé ipò kàn án bí mo bá wẹ̀yìn, kẹ́rù má baà bà á.

"Ilé Alágbẹ̀dẹ o!"

"Wọ́n wà ńlé!" Ẹ̀rín ń gbọ̀n nínú ohùn rẹ̀.

"Má rẹ́rìn-ín."

"Ẹ má bínú, Ma."

"Ilé Aláró o!"

"Wọ́n wà ńlé!"

Èyí dáa. Ohùn rẹ̀ kún, ó sì mọ́. Ọkàn mi balẹ̀ bíi pé wọ́n bá mi gbé ẹrù kúrò lórí. Mò ń lọ, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú koríko gbígbẹ, mo sì ń sọ nínú mi pé Ràṣídátù ì bá fẹ́ràn ohùn yìí.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ń bọ̀ níwájú wa, wọ́n dé fìlà kan náà, oníkálukú ló mú ike omi dání. Wọ́n máa ń wá rìn yí òkè náà ká fún ìlera. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Grandma, ẹ kú ìrìn o! Kí lẹ̀ ń jẹ tí agbára yín fi tó báyìí?"

"Iṣu, lọ́dún tí wọn ò tíì bí bàbá ẹ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá. Mo gbọ́ tí wọ́n kí Moróunkẹ́, tí wọ́n ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo pe Ilé Oníkòkò. Ó jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jìnnà.

Mo dé ibi tí odi ti kọjú sómi. Afẹ́fẹ́ le níbẹ̀. Ọ̀nà kò fẹ̀ ju ẹní ìkírun lọ, yàrà sì jìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, omi òjò ṣì wà nínú rẹ̀.

"Ilé Ọlọ́dẹ o!"

N kò gbọ́ nǹkankan.

Mo dúró. Mo tún un pè. Mo ní, "Moróunkẹ́?" Afẹ́fẹ́ nìkan ni, àti ọ̀kadà kan tó ń dún lọ lókèèrè.

Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù ni. Ìgbà tó yá ni mo rántí yàrà, àti bàtà pẹlẹbẹ tó wọ̀ wá, èyí tí wọ́n fi ń rìn lórí táìlì. Mo dúró síbẹ̀, mo kọjú síwájú, ọrùn mi le gan-an. Gbogbo àwọn tó ti pè ṣáájú mi, kò séyìí tó wẹ̀yìn nínú wọn. Ejò gba ẹ̀yìn Ràṣídátù kọjá rí, èmi ni mo pariwo, kò yíjú. Ṣùgbọ́n èmi wà lẹ́yìn Ràṣídátù. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Mo bojú wẹ̀yìn.

Kò sẹ́nì kankan. Mo padà lọ sétí yàrà, mo fara ti ọ̀pá mi, mo wo inú rẹ̀. Omi àti ewé ni. Mo wá wo ìsàlẹ̀ òkè. Moróunkẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, fóònù wà létí rẹ̀, ó mú bàtà kan dání. Ó rí mi, ó ń fi bàtà náà juwọ́ sí mi. Nǹkankan ò ṣe é.

Mo ní Alhamdulillah, ó sì ti inú mi wá. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sórí odi.

Mo lè sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ilé tó kù ńkọ́? Mo dìde, mo tún ìró ró. Mo pe Ilé Ọlọ́dẹ. Mo wá padà sẹ́yìn díẹ̀, síbi tí ẹni tó ń jẹ́ máa ń dúró sí, mo ní, "Wọ́n wà ńlé." Láti ibẹ̀ mo rí ibi tó yẹ kí ìpàkọ́ Ràṣídátù wà níwájú mi. Koríko ló wà níbẹ̀. Mo tún rìn síwájú, mo pè; mo padà sẹ́yìn, mo jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe títí ó fi ku ilé tiwa.

Nígbà tí mo pe ilé tiwa, mi ò tètè rí i jẹ́. Alhaji ọkọ mi wà ní sàréè, Ràṣídátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Abdulmojeed wà ní Kánádà.  Ìgbà tí mo máa jẹ́ ẹ, ohùn mi ò dé òdìkejì odi.

Moróunkẹ́ pàdé mi ní agbedeméjì ọ̀nà bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, lẹ́sẹ̀ lásán. "Màmá, ẹ má bínú! Bàtà mi ló já, àwọn ọmọ yẹn júwe ọ̀nà àbùjá, ọ̀gá mi sì ń pè mí. Mo ké sí yín o!"

"Mi ò gbọ́."

"Ṣé ẹ parí ẹ̀?"

"Mo parí ẹ̀."

Ó fi omi inú ike tirẹ̀ fọ ẹsẹ̀ mi kó tó jẹ́ kí n wọ mọ́tò. A ti dé Sángo, ọkọ̀ dí, kí n tó lè sọ ọ́. Mo ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ lo máa pè."

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ìwọ ló kàn."

Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀. Mi ò mọ ohun tó rí níbẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mi ò mọ àwọn ilé yẹn o, Màmá. Mi ò mọ èyí tó ṣáájú."

"Màá kọ́ ẹ."

"Ó dáa. Ẹ máa sọ ọ́."

"Ilé Alágbẹ̀dẹ."

"Ilé Alágbẹ̀dẹ," ó wí, ó mi orí.

Fóònù rẹ̀ dún. "Ẹ jọ̀ọ́ Ma, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan." Ó gbé e sétí, ó bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọkọ̀ iwájú wa sún díẹ̀, àwa náà sún. Ilé Aláró wà lẹ́nu mi. Mo dì í mú síbẹ̀, mò ń wo ojú fèrèsé, mò ń dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.