Ìyá Tó Di Àbúrò Ọmọ Rẹ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé Ṣífù Guan, olùkọ́ ìjà àwọn ará Ṣáínà, ni ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Bí o ti dàgbà tó níta kò kan ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Sẹ̀gilọlá bọ́ bàtà snow rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, Inúolúwa, ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí, ni wọ́n ní kó tẹríba fún. Ọmọ náà ti ń kọ́ ìjà Shaolin níbẹ̀ láti kékeré, òun ló sì ń ran Ṣífù lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Sẹ̀gilọlá fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún bí wọ́n ṣe fi hàn án, ó tẹríba, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń wò ó tàánútàánú. Wọn ò mọ Yorùbá ni. Obìnrin tó ti wọ agboolé ọkọ ní Ìjẹ̀bú, tó ń pe ọmọdé tí ò tíì mọ imú nù ní "bọ̀dá mi" torí pé òun ló bá a nílé, ṣé ẹni tí wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n dẹ́rù bà nìyẹn? Ohun tó dun Sẹ̀gilọlá ni pé ọmọ náà dá a lóhùn bí ẹni ń dá àlejò lóhùn.

"Good morning. Back row, please."

Sẹ̀gilọlá kúkú mọ ohun tí òun ṣe. Lọ́dún tó kọjá, Olújìmí ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ wo ilé tó ń kọ́, àìsàn gbé e dè níbẹ̀, ó sì kú. Inúolúwa ń ṣe exam lọ́wọ́ ní university. A kì í sáré túfọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́nu ohun pàtàkì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ṣe é fún Sẹ̀gilọlá fúnra rẹ̀ nìyẹn nígbà tí bàbá tirẹ̀ kú. Ó bá sé e mọ́nú. Á sunkún ní basement, á bọ́jú, á gòkè wá dín dòdò fún ọmọ.

"Daddy ńkọ́? He's not picking."

"Network ni, jàre."

Exam ò tíì parí tí arákùnrin kan ní church fi gbé fọ́tò Olújìmí sí status, tó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé sùn un re. Inú train ni ọmọ wà, láàárín èrò, tó bá ikú bàbá rẹ̀ pàdé lórí fóònù.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti pe ìyá rẹ̀ ní Mummy mọ́. Ó kó kúrò nílé wọn ní àdúgbò Cityscape, ó lọ gba yàrá ní àdúgbò Penbrooke Meadows. Pásítọ̀ bá a sọ̀rọ̀, àwọn àǹtí bá a sọ̀rọ̀, pàbó ló já sí. Nínú gbogbo Calgary, ní Canada níbi tí wọ́n ń gbé, ibì kan ṣoṣo ló kù tí Sẹ̀gilọlá ti lè rí i láìjẹ́ pé ó sá fún un: gbọ̀ngàn Ṣífù Guan, lẹ́yìn àwọn tó ń ta táyà. Obìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, tí orúnkún ń dùn ún, lọ forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ ìjà. Ẹ ò rí ohun tí ọmọ ń fojú ìyá rí!

Gbogbo ìgbà òtútù ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, kó tó kan ọ̀pá. Ọ̀pá ọ̀hún ga jù ú lọ. Ó fi bó ọwọ́, ó fi gbá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kò sinmi. Nígbà tí snow ń yọ́, Ṣífù pe òun àti Inúolúwa síwájú: kí ìyá mú ọ̀pá, kí ọmọ mú ọ̀kọ̀, kí wọ́n jọ ṣe form ẹlẹ́ni méjì, ìjà tí wọ́n ti to ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí àyídáyidà nínú irú form bẹ́ẹ̀. Ibi tí lílù kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí, àwọn méjèèjì ti mọ̀ ọ́n. Ṣífù kìlọ̀ fún Sẹ̀gilọlá pé kó lù ú bó ṣe yẹ kó lù ú, torí pé ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ń retí lílù náà.

Ó lọ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Igi ń kan igi, ẹsẹ̀ ń bá ẹsẹ̀ mu, inú Sẹ̀gilọlá sì ń dùn, torí pé ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti wo ojú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó wá kan ibi tí ọ̀pá ti gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Sẹ̀gilọlá gbé e sókè, ó rí orí ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀, orí tó ti di irun rẹ̀ ní àìmọye ìgbà, àánú ṣe é. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Inúolúwa ti gbé ọ̀kọ̀ dábùú lókè orí láti fi gba ọ̀pá náà. Kò bá nǹkan kan pàdé. Ó ti sọ ọ̀kọ̀ kalẹ̀, ó ti ń yí sí ìgbésẹ̀ tó kàn, kí ọ̀pá tó ń falẹ̀ tó dé. Iwájú orí ló ti bà á. Ẹ̀jẹ̀ dà.

Ṣífù yẹ ojú ọgbẹ́ náà wò, ó ní kò jìn, ó fún ọmọ ní aṣọ kó fi tẹ̀ ẹ́, ó sì kó àwọn tó kù lọ sí òdìkejì gbọ̀ngàn. Ìyá àti ọmọ wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Jésù! Inúolúwa, má bínú. Mi ò fẹ́ kó dùn ẹ́ ni."

"You pulled it."

"Mo rò pé tí mo bá rọra..."

"I was ready! Ọ̀kọ̀ mi ti wà lókè! If you'd hit me properly, I would have blocked it. I know how to block it." Ohùn rẹ̀ ga débi pé àwọn ọ̀pá tó ń dún lókèèrè dákẹ́. "You always do this. You decide what I can take."

"Torí tìẹ ni" ti dé ètè Sẹ̀gilọlá. Ó gbé e mì. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, tó ti pinnu láti gbé lọ sí ibojì. Bó bá sọ ọ́, ó lè pàdánù ọmọ yìí títí láé. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó sì sọ ọ́.

"Ó ku ọ̀kan tí o ò mọ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Daddy ẹ kú, ó pè mí láti hospital. Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní, 'Fún mi ní Inúolúwa, mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀.' O wà ní yàrá ẹ, ò ń kàwé. Mo gbé fóònù dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ. Mo wá sọ fún un pé o ò sí nílé, pé o wà ní library. Mo ní kó pè ẹ́ lọ́la."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Inúolúwa. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ba, ó sunkún láti ìsàlẹ̀ ikùn, irú èyí tí kò sun níṣojú ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Sẹ̀gilọlá na ọwọ́ sí i láti sọ pé ó tó, kó dákẹ́. Kò sọ ọ́. Ó jókòó tì í, òun náà ń sunkún tirẹ̀.

Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí etí ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Mummy," ó ní, "kí ni Daddy wá sọ? Ẹ sọ ọ́ tán fún mi. Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò."